Sítáǹpù Studena Reka

Epo bẹntiróòlù kán sí ẹ̀yìn sítáǹpù náà, ìwé rẹ̀ sì ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ tí òjò pa. Nedyalka Drumeva tẹ orí mọ́ àwo dúdú kékeré tó wà níwájú rẹ̀, ó ń dúró kí àmì tí àwọn aṣèwé fi pamọ́ sínú ìwé náà yọjú. Àmì kankan kò yọ. Epo gbẹ, ìwé padà sí àwọ̀ rẹ̀, òórùn sì kún inú yàrá, nítorí fèrèsé ibẹ̀ kò ṣeé ṣí. Wọ́n ti yọ irin tí ènìyàn ì bá fi ọwọ́ mú kúrò lára rẹ̀. Ihò rẹ̀ nìkan ló kù, wọ́n sì ti fi ọ̀dà funfun kùn ún pa.

"Òórùn yìí ò ṣe yín ní nǹkan?" Ọ̀gá Zahariev béèrè láti orí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ó ti mọ́ mi lára."

"Èmi, ó ń fọ́ mi lórí." Ó fi àtàǹpàkò ra iwájú orí rẹ̀. Òwú pupa àti funfun tí àwọn ènìyàn ń so ní oṣù kẹta wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀; ó dà bíi pé ọmọ kékeré ló bá a so ó, nítorí kókó rẹ̀ wọ́. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ará Drumeva. Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n mú un wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sítáǹpù ìjọba tó ń bójú tó láàárín ìlú Ruse ni, kò tíì bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀, tí ọkùnrin méjì wọlé. Wọn ò wo ara ògiri, wọn ò wo inú àpótí onígíláàsì. Nedyalka mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù sítáǹpù tí kò wo sítáǹpù kankan, ènìyàn ló wá mú.

"Ẹ mú awò yín dání," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "àti àwọn irinṣẹ́ yín."

Àárín wọn ló wà tí wọ́n fi gba ojú títì kọjá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣí ẹnu láti kí i, wọ́n rí àwọn tó bá a rìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara wọn. Ilé tí wọ́n mú un lọ kò ní àkọlé, ṣùgbọ́n kò sí ọmọdé kan ní Ruse tí kò mọ̀ pé ti àwọn ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ ni. Odò Dunav ni ó kọjú sí. Láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè níbi tó jókòó sí yìí, Nedyalka ń rí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń ru èédú kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àti ní òdìkejì, etí ilẹ̀ Romania tó rí rúúrúú bí èéfín.

Kí wọ́n tó sọ orúkọ ẹni tó ni álíbọ́ọ̀mù orí tábìlì náà ni ó ti dá a mọ̀. Ti Bàbá Hristofor Tanchev ni. Apòògùn ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í pa ìpàdé àwọn olùkó-sítáǹpù-jọ jẹ ní ọjọ́ Sátidé. Súìtì olóòórùn míǹtì ló máa ń kó wá, á pín in fún gbogbo wọn bíi pé ọmọ iléèwé ni wọ́n. Lórí afárá tó lọ sí Romania ni wọ́n ti dá a dúró. Ó so álíbọ́ọ̀mù náà mọ́ ikùn rẹ̀ lábẹ́ kóòtù, ó ní kí wọ́n rọra, ara òun ò yá.

Zahariev ti là á yé e láti ìbẹ̀rẹ̀, láìgbé ohùn sókè.

"Ohun tí mo fẹ́ ò le rárá. Bó bá jẹ́ pàǹtí ìwé ló wà níbẹ̀, bàbá á lọ sílé rẹ̀ lónìí, á lọ mu tíì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun iyebíye, a jẹ́ pé ohun ìní orílẹ̀-èdè ló ń kó sá lọ. Ẹ̀wọ̀n nìyẹn. Ẹ mọ bó ṣe dàgbà tó."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ wò ó, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ máa lọ. Svilena ọmọ yín ńkọ́? Wọ́n ní Prague ló fẹ́ lọ ti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ìwé rẹ̀ wà nínú ilé yìí, ní ìsàlẹ̀. Mo kà á. Ọmọ tó mọ̀wé ni."

Bí ẹni ń kí ènìyàn kú ọmọ ló ṣe sọ ọ́. Nedyalka dúpẹ́. Bí ó ti dúpẹ́ tán ni ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á, nítorí pé ọpẹ́ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde láì bi í.

Ó ti yẹ abala tó pọ̀ wò báyìí. Kò sí ohun tó yani lẹ́nu nínú wọn. Kìnnìún, àwọn ọba àtijọ́ onírùngbọ̀n, àwọn òṣìṣẹ́ tó gbé òòlù, òdòdó, ẹja. Sítáǹpù lẹ́tà ni gbogbo wọn, irú èyí tí ọmọ iléèwé lè fi súìtì pààrọ̀. Ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá yìí yóò mu tíì rẹ̀. Svilena yóò wọ ọkọ̀ ojú irin. Òun náà yóò lọ sílé lọ se ọbẹ̀ ẹ̀wà.

Lẹ́yìn náà ló dé ibi àwọn sítáǹpù owó-orí.

Ẹ̀yìn pátápátá ni bàbá náà kó wọn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo olùkójọ ṣe máa ń ṣe é, bí wọ́n bá tilẹ̀ ní in rárá. Sítáǹpù tí ìjọba máa ń lẹ̀ mọ́ ìwé ilẹ̀, ìwé gbèsè àti ìwé ìgbéyàwó láti fi gba owó tirẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ọmọ ìyá tí wọn kì í pè síbi ìnáwó ni. Nedyalka nìkan ló fẹ́ràn wọn ní ìlú náà, wọ́n sì ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ní ti tirẹ̀, sítáǹpù lẹ́tà kàn rìnrìn àjò ni. Sítáǹpù owó-orí jẹ́rìí. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ta oko bàbá rẹ̀. Tàdáwà ọwọ́ ènìyàn la fi ń pa á, akọ̀wé á buwọ́ lù ú kọjá lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò. Orúkọ òkú ènìyàn wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ó ṣí abala kan, ó tún ṣí òmíràn.

Sítáǹpù owó-orí àwọn Tọ́kì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, tí òǹtẹ̀ ọba wọn ká kọ́rọ́kọ́rọ́ láàárín. Lórí òǹtẹ̀ ọba náà, ẹnìkan ti fi igi tẹ àgbélébùú aláwọ̀ elésèé àlùkò. Igi náà kò gún dáadáa; apá àgbélébùú kan kúrú ju èkejì. Lábẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà méjì wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ abúlé Studena Reka.

Ọ̀gá tó kọ́ Nedyalka níṣẹ́, tó ti kú tipẹ́, ti sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ní ọdún tí ogun lé àwọn Tọ́kì lọ, ìjọba tuntun kò tíì dé orí òkè. Studena Reka wà láàárín, kò sẹ́ni tó ni í. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ibẹ̀ ṣì ń kú, wọ́n ṣì ń gbé ìyàwó, wọ́n ṣì ń ta ilẹ̀. Wọ́n bá gbẹ́ àgbélébùú sára igi píà, wọ́n fi tẹ òǹtẹ̀ ọba tó sá lọ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń bá ayé wọn lọ títí ìjọba fi rántí wọn. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti sọ ọ́ tán, á rẹ́rìn-ín, á ní: "Àlọ́ ni. Kò sẹ́ni tó rí ọ̀kan rí."

Nedyalka mú ẹ̀mú pẹlẹbẹ rẹ̀. Ó gbé èyí àkọ́kọ́ sábẹ́ iná. Kò fẹ́ gbà á gbọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń wá àbùkù rẹ̀. Ó ka àwọn eyín wẹ́wẹ́ tó yí etí rẹ̀ ká. Ó wo ìwé, ìwé náà tinrin bó ṣe yẹ kó tinrin. Ó wá gbé awò sójú, ó wo ibi tí ìbuwọ́lù akọ̀wé ti gba orí àgbélébùú kọjá. Ibẹ̀ ni ayédèrú máa ń jìn sí: ẹni tó bá fẹ́ fi sítáǹpù àtijọ́ ṣe jìbìtì lónìí, orí ìbuwọ́lù tó ti wà níbẹ̀ ni yóò tẹ òǹtẹ̀ tirẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n tàdáwà yìí, òkè ló wà. Ó gun orí àwọ̀ elésèé àlùkò náà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì bí ẹni gun ìloro ilé. Àgbélébùú ló kọ́kọ́ dé, akọ̀wé wá buwọ́ lù ú lẹ́yìn rẹ̀.

Òótọ́ ni wọ́n.

Ayọ̀ náà kò tọrọ àyè. Ó kàn bú sí i láyà ni, bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Svilena lé e lọ́wọ́. Ó fẹ́ dìde. Ó fẹ́ pe ẹnìkan, ẹnikẹ́ni, kí ó wá wò ó. Lẹ́yìn ayọ̀ ni ìbínú: bàbá arúgbó yìí, gbogbo àwọn ọjọ́ Sátidé wọ̀nyẹn, gbogbo súìtì yẹn, kò sì fi hàn mí! Lẹ́yìn ìbínú ni ó gbọ́ bí Zahariev ṣe yí ẹsẹ̀ padà lórí àga, ó sì rántí ibi tó wà.

Ó ṣí abala mìíràn. Sítáǹpù ẹja ló wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹja ni.

Nígbà tó dé òpin, ó kọ gbólóhùn ìkẹyìn: *Àkójọ lásán ni, kò sí ohun tó níye lórí níbẹ̀.* Ó buwọ́ lù ú, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì.

Zahariev dìde. Ó ka ìwé náà láì kánjú. Ó wá fa álíbọ́ọ̀mù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń ṣí i láti ẹ̀yìn wá, abala kan, abala kan, títí ó fi kan ti àgbélébùú. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó fi ìka lé e.

"Èmi ò mọ nǹkan kan nípa sítáǹpù," ó wí. "Aláròóbọ̀ ẹṣin ni bàbá mi. Tá a bá dé ọjà, kì í wo eyín ẹṣin. Àwọn tó fẹ́ rà á ló máa ń wò. Á ní: ojú lọ̀rọ̀ wà, Mitko, ẹṣin ò ní sọ fún ẹ." Ó gbé ojú sókè. "Láàárọ̀ yìí, mi ò wo sítáǹpù kankan. Ẹ̀yin ni mò ń wò. Ìgbà tẹ́ ẹ ṣí ibí yìí, ẹ ò mí mọ́."

Nedyalka ti lérò pé òun ni wọ́n pè wá wo nǹkan. Kò mọ̀ pé òun gan-an ni nǹkan tí wọ́n ń wò. Òtítọ́ yóò pa bàbá arúgbó. Irọ́ ti wà lórí tábìlì, ó sì ti já. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Nísàlẹ̀ lójú odò, ọkọ̀ kan fọn fèrè, fèrè náà sì dé inú yàrá bí ohùn ẹni tó bo ẹnu.

"Mo ń gbọ́ yín," Zahariev wí.

Ojú Nedyalka já sí orúkọ tí tàdáwà fi kọjá lórí àgbélébùú náà. Ọ̀rọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde kí ó tó mọ̀ pé òun ti pinnu.

"Ẹ mú awò. Ẹ ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀."

Zahariev gbé awò sójú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè ka ìkọ̀wé àtijọ́ náà. "Ke… Kesimov." Ó gbórí sókè. "Kesimov wo? Kesimov tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé?"

"Òun náà ni."

Kò sí ọmọ ilé ìwé kan ní àgbègbè náà tí kò mọ Valko Kesimov. Agbowó-orí àwọn Tọ́kì ni, òun ló sì ka orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dìtẹ̀ fún wọn, tí wọ́n fi so wọ́n kọ́ lórí afárá. Nígbà tí Tọ́kì lọ, ó tún jókòó sídìí iṣẹ́ kan náà, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ti pa lọ́mọ. Títí dòní, bí ajá bá gé ènìyàn jẹ lórí òkè yẹn, wọ́n á pè é ní Kesimov.

"Bàbá ìyá-ìyá mi ni," ni Nedyalka wí.

Irọ́ ni. Òótọ́ ni pé òkè yẹn ni ìyá-ìyá rẹ̀ ti wá, pẹ̀lú àpótí kan àti ìyá ewúrẹ́ kan, ṣùgbọ́n olùṣọ́ àgùntàn ni àwọn ènìyàn rẹ̀, wọn kò sì ní ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá fi rántí wọn. Ilé ìwé-àkọsílẹ̀ Studena Reka ti jóná. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ìyá mi sọ fún mi nígbà tó fẹ́ kú, tí mo ṣì wà lọ́mọdébìnrin. Mi ò rí ìkọ̀wé rẹ̀ rí àyàfi òní. Ohun tó dá èémí mi dúró nìyẹn. Àgbélébùú yẹn, eré ọwọ́ akọ̀wé ni. Ẹ wá a nínú gbogbo ìwé atọ́ka, ẹ ò ní rí i. Kò sẹ́ni tó máa fi búrẹ́dì kan gbà á."

Zahariev jókòó sí etí tábìlì. Ó ń wò ó, kò sì yára. Nedyalka jẹ́ kí ó wo òun. Kò ṣòro fún un, nítorí ìtìjú tó wà lójú rẹ̀ lásìkò náà, ojúlówó ni.

"Nínú ìwé yín, ẹ kọ ọ́ pé àgbẹ̀ ni àwọn òbí yín, olùṣọ́ àgùntàn ni àwọn bàbá ńlá yín."

"Mo parọ́."

"Fún ìjọba. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wà lọ́mọdébìnrin."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti ẹni tó ń káàánú. "Mo gbà yín gbọ́. Ènìyàn á parọ́ kó lè dára ju bó ṣe wà. Mi ò tíì rí ẹni tó parọ́ láti ba ara rẹ̀ jẹ́." Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gba ìwé mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó wà níta, ó tẹ́ ẹ síwájú Nedyalka. "Ẹ kọ ọ́ síbí."

Ó kọ ọ́. Nígbà tó fẹ́ buwọ́ lù ú, Zahariev fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìsàlẹ̀ ìwé náà.

"Ará Drumeva. Ẹ mọ̀ pé irú ẹ̀jẹ̀ yìí kì í dúró lára ẹnìkan. Ìwé ọmọ yín wà nísàlẹ̀. Tí èyí bá bá a níbẹ̀, ó parí: kò sí Prague, kò sí iṣẹ́ dókítà, bóyá ló máa rí iṣẹ́ àfọmọ́ ilé ìwòsàn. Èmi náà bímọ." Ó gbé ọwọ́ kúrò. "Mo lè fà á ya báyìí. Ẹ kàn sọ fún mi pé sítáǹpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níye lórí. Mo máa fà á ya níwájú yín, Svilena á sì lọ síbi tó ń lọ."

Nedyalka wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òórùn epo ṣì wà lára rẹ̀. Ó ronú nípa Bàbá Hristofor nínú ẹ̀wọ̀n, bí yóò ṣe máa bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ kí wọ́n rọra. Ó ronú nípa Svilena tó ń kàwé ní yàrá ìdáná, tí ó ti ẹsẹ̀ bọ inú ààrò nítorí òtútù. Ọmọ náà kò tíì pé ogún ọdún. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bí àwọn àgbà ti wí. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà yìí mọ́ ọn, ó lè rí òmíràn. Bàbá arúgbó kò ní òmíràn. Bóyá àwíjàre lásán ni èyí. Kò sí ẹni tó bá a wà níbẹ̀ tó lè bi.

Ó buwọ́ lù ú.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀ ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún un nísàlẹ̀. Bàbá Hristofor ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àwọn igi tó wà létí odò, álíbọ́ọ̀mù wà lórí itan rẹ̀, okùn bàtà rẹ̀ méjèèjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti yọ wọ́n kúrò nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé. Nísinsìnyí wọ́n ti dá wọn padà, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ ba. Nedyalka kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn bọ ihò bàtà.

"Ṣé wọ́n lù yín, Bàbá?"

"Wọn ò lù mí. Wọ́n kàn ò fún mi ní ṣúgà sí tíì ni." Ó wo orí rẹ̀ láti òkè. "Kí lo sọ fún wọn, Nedka?"

"Mo ní pàǹtí ni."

"Pàǹtí!" Inú bí bàbá náà ní tòótọ́. "Àgbélébùú Studena Reka, pàǹtí? Wọ́n sì gbà?"

"Wọ́n gbà." Ó fa okùn náà le. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi hàn mí, láti gbogbo ọdún yìí wá?"

"Kí n fi hàn ọ́ kó o lọ pariwo ẹ̀ káàkiri? O ò bá ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kí ilẹ̀ tó ṣú. O ò bá ti bú sẹ́kún nínú ìpàdé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wo odò. "Àbúrò mi obìnrin wà ní Bucharest. Òun nìkan ló kù tó mọ orúkọ tí ìyá wa fi ń pè mí. Mo rò ó pé tí mo bá rí èyí tà lọ́hùn-ún, mi ò ní di ẹrù lé e lórí."

Nedyalka dá ọwọ́ dúró. "Ẹ ò fẹ́ padà wá."

"Níbo ni n ó ti padà wá ṣe kí ni?"

Bàbá náà jẹ̀bi, nígbà náà. Gbogbo ohun tí Zahariev rò nípa rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Nedyalka dúró kí nǹkan yí padà nínú òun nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò yí. Ó so okùn bàtà kejì, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀.

Bàbá náà ti ṣí álíbọ́ọ̀mù. "Mú ọ̀kan. Mú èyí tó wù ọ́. Ìwọ ló tọ́ sí."

"Ẹ pa á dé, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tún fi hàn mí mọ́."

Bàbá náà rò pé ẹ̀rù àwọn tó wà lójú fèrèsé ilé náà ló ń bà á. Ó pa á dé kíá, ó sì tọrọ gáfárà.

Svilena ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Kóòtù onírun kan wà lọ́rùn rẹ̀, ó tóbi jù ú lọ díẹ̀, òórùn oògùn kòkòrò aṣọ sì ń jáde lára rẹ̀.

"Màmá! Ẹ pẹ́ o. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá a ní títì. Ẹ wò mí." Ó yí po lójú kan. "Ìyá Yordan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa ló ní kí n mú un lọ. Wọ́n ní òtútù Prague ju tiwa lọ. Ṣé kò sọ mí di ìyá arúgbó?"

"Ó bá ọ mu."

"Níbo lẹ lọ?"

"Wọ́n ní kí n wá bá wọn wo sítáǹpù kan."

Ọmọ náà dáwọ́ dúró. Láti kékeré ló ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: á gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á wo ìyá rẹ̀ lójú, á sì mọ̀. Ó mọ ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Kò sí ìgbà kan tí Nedyalka rí nǹkan pa mọ́ fún un, ì báà ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí.

"Ṣé nǹkan gidi kankan wà nínú wọn?"

"Rárá," ni Nedyalka wí. "Ẹja ló pọ̀ jù."

Ó dúró lójú ọmọ rẹ̀, ó ń retí kí ó mọ̀. Svilena rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ẹja náà, ó ní ọbẹ̀ ẹ̀wà ti gbóná, ó sì padà sí iwájú dígí. Ó gbé ọrùn kóòtù náà sókè, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nedyalka rí ojú ara rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ náà nínú dígí, ojú obìnrin kan tí ó ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò ó títí, ó sì mọ̀ pé òun yóò lè pa á mọ́ fún un lọ́la pẹ̀lú, àti ní ọ̀túnla, àti pé kò ní ṣòro.